Orí Mi Kì Í Ṣe Àwùjẹ̀ Ọmọ Tuntun

Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé wọn yóò dí ihò tó wà ní agbárí rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti dí i fún, tó wà nílé báyìí pẹ̀lú ọgbẹ́ tí kò tíì jinná, òun ni mo ń kọ ìwé yìí sí. Mo ń kọ ọ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀ náà. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn tó mọ̀ mí ní Ìkòròdú mọ̀ pé tí mo bá ti kí ènìyàn tán, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo máa ń bá lọ. Àmọ́ àìsọ̀rọ̀ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, nítorí náà màá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, n kò ní fi kún un, n kò sì ní yọ kúrò nínú rẹ̀.

Kọ́tìnì ni mo ń rán. Mo máa ń lọ wọn fèrèsé nílé àwọn oníbàárà, pàápàá ní àwọn ẹ́sítéètì tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jí lọ sí Èkó ń gbé. Màá rán kọ́tìnì náà nílé, màá sì padà lọ so ó kọ́ fúnra mi, nítorí n kò fẹ́ kí iṣẹ́ mi máa wọ́ nílẹ̀ lápá kan. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wà lórí àkàbà nílé oníbàárà kan. Mo ti so ti fèrèsé mẹ́ta, ó ku ẹyọ kan. Ẹsẹ̀ àkàbà yọ̀ lórí táìsì. Ẹ̀gbẹ́ orí mi lápá ọ̀tún ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Obìnrin onílé pariwo, ó ní kí n jẹ́ kí àwọn gbé mi lọ sí ọsibítù. Mo dìde, mo gbọn aṣọ mi, mo ní, "Kò sí nǹkan kan, ma." Mo so ti fèrèsé kẹrin. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé.

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì í, tí wọ́n sì ń fún okùn náà díẹ̀díẹ̀. Mo lo oògùn orífífọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, mo fẹ́ ka òrùka kọ́tìnì tí mo máa lò lọ́jọ́ Ajé. Ogún ni wọ́n. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta: mo rí méjìdínlógún, mo rí mẹ́rìnlélógún, mo tún rí méjìdínlógún. Aṣọ ń jábọ́ lọ́wọ́ òsì mi. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì. Kàfáyà, ọmọ mi obìnrin tó ti pé ogún ọdún, bi mí pé, "Mọ́mì, kí ló ń ṣe yín?" Mo ní ata tí mo jẹ ni. Nígbà tí ọkọ mi ti mọ́sálásí dé, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Wọ́n ní mo dá a lóhùn pé kó bomi rin fèrèsé. Ó ní kí ni mo wí. Mo tún un sọ, ojú mi le, bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò mọ nǹkan kan mọ́.

Ọsibítù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sí ọsibítù ìjọba kan tó tóbi jù tiwọn lọ. Ẹ̀jẹ̀ ti dà sórí ọpọlọ mi, ọpọlọ náà sì ti wú. Wọ́n gé egungun orí mi lápá ọ̀tún, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, wọ́n yọ ẹ̀jẹ̀ náà kúrò. Wọn kò dá egungun náà padà, nítorí ọpọlọ tó wú ń fẹ́ àyè.

Ọjọ́ kẹfà ni mo tó mọ ibi tí mo wà. Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí ni ìyá ọkọ mi. Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé. Òun ni gbogbo àdúgbò wọn máa ń ránṣẹ́ pè kó wá wẹ ọmọ tuntun, ó sì ti ń wẹ ọmọ kí n tó fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó jókòó síbi ẹsẹ̀ mi, ó ń ka tẹ̀súbáà. Mo fọwọ́ kan orí mi, mo bá báńdéèjì. Mo fọwọ́ kan ikùn mi, mo tún bá báńdéèjì. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọ́n ti yọ nǹkan míì nínú mi. Nígbà tí dókítà dé, mo bi í pé, "Sà, kí lẹ ṣe sí mi níkùn?"

Ó ní, "Egungun orí yín ló wà níbẹ̀. A ò lè dá a padà báyìí. A tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ awọ ikùn yín kó má bàa bàjẹ́. Kò sí fìríìjì tó dáa tó ara ènìyàn."

Ìyá pàtẹ́wọ́. "Hàà! Gbogbo ọmọ tí mo ti wẹ̀ láyé yìí, mi ò tíì rí ẹni tó fi ikùn gbé orí rí. Aya mi, oṣù wo lo máa bí i?"

Dókítà ní, "Bó bá pé oṣù márùn-ún, Ìyá."

"Ó dáa, màá wá wẹ̀ ẹ́." Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sọ fún un pé kó má fi ẹ̀rín pa òun, ojú iṣẹ́ abẹ òun ń dun òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ìyá fi sùn lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù yẹn. Òun ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń fọ aṣọ mi. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Oṣù márùn-ún ni mo fi gbé egungun mi kiri níkùn. Bí mo bá dìde dúró, ojú ihò orí mi á wọlé. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á ga sókè, á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ọkàn. Mo ń fi híjáábù bò ó, mo sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru ẹyin. Ìgbàkigbà tí Ìyá bá wá láti Ẹ̀pẹ́, á ṣí i wò. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Àwùjẹ̀ nìyí o. Àwùjẹ̀ gidi." Ó sọ ọ́ tìdùnnútìdùnnú, bí ẹni tó rí ohun tó mọ̀ láàárín àwọn nǹkan tí kò mọ̀. N kò ronú sí i nígbà náà.

Iye tó ná wa kò ṣeé fẹnu sọ. A ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ mi méjì, ọkọ mi, tó jẹ́ awakọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó, sì gba owó oṣù sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọjọ́ Àtàláátà ni ọjọ́ tiwa nílé ìwòsàn. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní Ìkòròdú Gàráàjì la máa ń wọ̀, síbẹ̀ a máa ń bá ogójì ènìyàn níwájú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa ń ya ìwé, tí á máa kọ orúkọ. N kò lè gbàgbé ìyá àgbàlagbà kan tó wọlé ní aago mẹ́sàn-án, tó lọ dúró níwájú gan-an. Ọkùnrin kan ní, "Màmá, ẹ̀yìn mi lẹ wà o." Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Èmi? Ẹ̀yìn tìẹ? Mo ti wà lórí ìlà kí bàbá ẹ tó fẹ́ ìyá ẹ." Ọkùnrin náà sún sẹ́yìn fún un. Orí fífọ́ kì í jẹ́ kéèyàn rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí oṣù pé, wọ́n yọ egungun náà níkùn mi, wọ́n dá a padà sí orí mi. Iṣẹ́ abẹ náà lọ déédéé. Wọ́n fún mi ní ìwé kan tí wọ́n kọ ohun tí n kò gbọdọ̀ ṣe sí: kí n má họ ọ́, kí n má fi òróró tàbí ìpara tàbí àgbo kankan sí i, kí n má sì fi omi kàn án títí wọn yóò fi sọ. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kejìlá wọ́n yọ okùn tí wọ́n fi rán an. Ó ku ibì kan péré níwájú, nítòsí irun iwájú orí, tí èépá rẹ̀ kò tíì ṣí. Dókítà ní kí a fi í sílẹ̀, á ṣí fúnra rẹ̀.

Kàfáyà ti padà sílé ẹ̀kọ́ nígbà náà, ọkọ mi sì máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. A fẹnu kò pé kí n lọ sinmi lọ́dọ̀ Ìyá ní Ẹ̀pẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, Ìyá ní kí n jókòó sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ òun bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ dirun fún ọmọdé. Ó wo èépá náà. "Ibí yìí ò tíì pa dé."

Mo ní, "Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sí i, Ìyá. Ó wà nínú ìwé."

"Ṣé ìwé ló wẹ ọkọ ẹ ni? Orí tí kò bá tíì pa dé, àdí la fi ń pa á. Ọkọ ẹ, àdí ni. Kàfáyà tí o bí, èmi ni mo fi àdí sí àwùjẹ̀ ẹ̀. Èwo nínú àwọn méjèèjì ló ya wèrè?"

Ó yẹ kí n fi ẹ̀rín kọ̀ fún un. Ó yẹ kí n pe ọkọ mi. Ṣùgbọ́n obìnrin tó sùn lórí ẹní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí mi nìyí. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún un pé kó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí mi? Mo dákẹ́. Ó ki aṣọ funfun bọ omi gbígbóná, ó fún un, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ èépá náà títí ó fi rọ̀, ó sì rọra nù ún kúrò. Ó po àdí pọ̀ mọ́ òrí lọ́wọ́, ó fi ra ojú ibẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: ó dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti ṣubú, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan orí mi láìwọ ìbọ̀wọ́. Oorun gbé mi lọ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣe é, fún ọjọ́ méje.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ìrọ̀rí mi tutù, ó sì ní àwọ̀ bíi ti omi ewúro. Ojú ibẹ̀ ń yún mi, ó sì ń rùn díẹ̀. Ìyá ní ìdọ̀tí inú rẹ̀ ló ń jáde, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò dá a lójú, nítorí kò fi àdí sí i mọ́ láàárọ̀ yẹn. Ọkọ mi wá gbé wa, àwa méjèèjì, lọ sí ọsibítù.

Dókítà wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ẹ fi nǹkan kan sí i? Òróró, ìpara, àgbo, ohunkóhun?"

Ìyá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò wò ó, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ti dẹ́kun kíka tẹ̀súbáà. Mo ní, "Rárá, sà."

Mo rí i bí dókítà ṣe kọ ọ́ sínú fáìlì mi pé kò sí ohun tí a fi sí i. Ó ní ó lè jẹ́ pé okùn inú ni ara mi ń kọ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n fọ ọgbẹ́ náà, ó fún mi ní oògùn, ó ní kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àfi tó bá le sí i. Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkòròdú ni Ìyá fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi, ó ní, "O ṣeun, aya mi." N kò tíì gbọ́ ọpẹ́ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó dúró tì mí nílé wa. Ojoojúmọ́ ni ara mi ń gbóná díẹ̀ sí i, ojoojúmọ́ ni mo sì ń sọ pé ó ti ń lọ. Lọ́jọ́ kẹjọ lẹ́yìn tí mo parọ́ yẹn, ọjọ́ Sátidé ni, Kàfáyà wálé láti ilé ẹ̀kọ́, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ojú mi yí sápá kan, tí ọwọ́ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í jà, tí gbogbo ara mi sì wá ń gbọ̀n. Àwọn ará ilé sáré wọlé. Ẹnì kan ń pariwo pé kí wọ́n fi ṣíbí sí mi lẹ́nu, ẹlòmíì ní kí wọ́n má fara kan itọ́ mi, wárápá ni, ó ń ranni. Kàfáyà lé gbogbo wọn sẹ́yìn, ó dà mí dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ó di orí mi mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ohun tó yẹ ní ṣíṣe nìyẹn. Ẹ má fi ṣíbí sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kò sì lè ran ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pe ọkọ mi láti Ìkirè, níbi tí wọ́n ti bí mi. Wọ́n ti sọ fún un. Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé gbogbo yàrá gbọ́ ọ. "Ẹ gbé àbúrò mi wá sílé! Àfáà kan wà níbí tó ń tọ́jú wárápá. Ọsibítù yín ti gé e lórí lẹ́ẹ̀mejì, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gé e lẹ́ẹ̀kẹta ni?"

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ronú." Ó dúró sáàárín yàrá, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Mo ti ń lajú díẹ̀díẹ̀ nígbà náà, mo sì rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ tì í ni yóò gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.

Ìyá ló tì í. Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ọsibítù là ń lọ. Èmi ni mo mọ ohun tí mo ṣe." Ó pa fóònù náà.

Dókítà kan náà la bá. Kò tíì jókòó tí Ìyá fi kúnlẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni. Àdí àti òrí, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, fún ọjọ́ méje. Omi gbígbóná ni mo fi bó èépá ẹ̀. Ọmọ yìí parọ́ nítorí mi."

Mo rò pé yóò jágbe mọ́ wa. Ó gbé Ìyá dìde, ó fún un ní àga tirẹ̀. Ó bi í bí ìgò àdí náà ti pẹ́ tó, àti orí ta ló ti kàn rí. Ìyá dáhùn gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Dókítà wá sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá, àwùjẹ̀ ọmọ tuntun, awọ ló bò ó, kò sí ojú ọgbẹ́ níbẹ̀. Èyí ní ojú ọgbẹ́, ó sì wọlé dé egungun. Èépá yẹn ló dí i." Ó yíjú sí mi. "Ká ní mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá ti dá yín dúró síbí. Ọjọ́ mẹ́jọ yẹn pọ̀ jù."

Ọyún ti dé abẹ́ egungun náà. Wọ́n tún orí mi ṣí, wọ́n yọ egungun tí mo fi oṣù márùn-ún gbé níkùn, kò sì wúlò mọ́. Mo sunkún fún un bí ẹni tí ènìyàn rẹ̀ kú. Ìyá lọ bá nọ́ọ̀sì pé kó fún òun ní egungun náà kí òun lọ rì í mọ́lẹ̀, bí a ṣe ń rì ibi ọmọ. Nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ti máa ń sun irú ẹ̀. Ìyá ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ ò fi mí rẹ́rìn-ín."

Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo gbà. Lẹ́yìn náà, mo tún fi oṣù mẹ́jọ gbé ihò orí kiri kí wọ́n tó gbà pé gbogbo rẹ̀ ti mọ́ tónítóní. Ohun tí wọ́n fi dí i lẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe egungun. Ó jọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Lọ́jọ́ tí mo padà sílé, Ìyá wà níbẹ̀. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìró, ó ní, "Ẹ wá wò ó o, ọwọ́ mi rèé, mo ti tì í mọ́lé."

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Ọgbẹ́ náà ti jinná pátápátá, irun sì ti hù bò ó. Mo ń lo oògùn gìrì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, n kò sì tíì fo ọjọ́ kan. Gìrì náà kò padà wá láti ọjọ́ tí Kàfáyà di orí mi mú. Ọwọ́ òsì mi lọ́ra díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí oòrùn bá mú jù, orí máa ń fọ́ mi, màá sì lọ dùbúlẹ̀. N kò ru ẹrù mọ́. N kò gun àkàbà mọ́. Ọkọ mi ló ń bá mi so kọ́tìnì kọ́ lọ́jọ́ Sátidé, kì í fẹ́ kí n sọ fún un pé ó wọ́, ó sì máa ń wọ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà náà àti àwọn nọ́ọ̀sì tí n kò mọ orúkọ gbogbo wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá. Àwọn kan máa ń bi mí bí mo ṣe lè máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ba orí mi jẹ́. Èsì mi ni pé àdí jẹ́ àṣìṣe, àṣìṣe ẹni tó fẹ́ràn mi ni. Irọ́ ni mo ka sí ẹ̀ṣẹ̀, èmi ni mo sì pa á. Ìyá ló tú u, lórí ìkúnlẹ̀, níwájú ẹni tó kéré sí ọmọ rẹ̀. Ìwọ tí o ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, ó ṣeé ṣe kí o ní ìyá kan tó ní ọwọ́ rere àti ìgò àdí. Sọ fún un kí o tó kúrò ní ọsibítù. Tí o kò bá lè sọ fún un, sọ fún dókítà kó bá ọ sọ ọ́. Tí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, tí wọ́n bi ọ́ léèrè, má ṣe bo ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà ní kí n máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún péré. Mo pe Ìyá ní Ẹ̀pẹ́ láti sọ fún un.

Ó ní, "Alhamdulilahi. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, kí o pè mí. Màá bá ẹ lọ."

"Ìyá, mo lè dá lọ. Ara mi ti yá."

"Mo mọ̀ pé o lè dá lọ. Ṣé o lè dá sọ̀rọ̀, ìyẹn ni mo ń bi ẹ́. Tó bá ní kí lo fi sórí, kí lo máa sọ?"

Mo ní, "Ọṣẹ tí mo fi ń fọ irun, àti ìpara kan tí Kàfáyà rà fún mi, torí awọ orí mi ń gbẹ."

"Ìpara! Ìpara wo? Ta ló ní kí o lo ìpara? Dókítà mọ̀ sí i?"

"Ó mọ̀, Ìyá. Mo mú ike rẹ̀ lọ hàn án."

"Kó tó bi ẹ́ ni, àbí lẹ́yìn tó bi ẹ́?"

"Kó tó bi mí."

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, aya mi." Ọmọ tuntun kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀ nínú fóònù, wọ́n ń pè é kó wá, omi ìwẹ̀ ti ń tutù.